Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: Ìjà àwọn tó ń ṣe chip AI kan ará Adja-Ouèrè náà

Gbogbo ẹni tó ń ná ọjà Ikpinlè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Adja-Ouèrè, ló mọ̀ pé bí ẹnì kan ṣoṣo bá ní ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo lábúlé, iye tó bá wù ú ni yóò máa gbà. Ọjọ́ tí ẹnìkejì bá gbé tirẹ̀ dé ni owó rẹ̀ yóò wálẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ chip ṣe rí lágbàáyé nìyẹn. Chip ni ẹ̀yà kékeré inú kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìṣirò fún AI, ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń dáhùn ìbéèrè wa lórí fóònù.

Nvidia, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1993, ló wà níwájú. Ìròyìn sọ pé ẹyọ kan nínú chip rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní H100 máa ń tó 25,000 dọ́là, èyí tó ju mílíọ̀nù 13 fránkì CFA lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ni iléeṣẹ́ AI ńlá máa ń rà.

Kí ló dé tí wọn kò lọ sí ìsọ̀ mìíràn? Láti ọdún 2007 ni Nvidia ti gbé CUDA jáde, ètò tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi ń darí chip rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí gbogbo mẹkáníìkì ìlú kọ́ṣẹ́ lórí oríṣi alùpùpù kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ra òmíràn, ta ni yóò bá a tún un ṣe?

Síbẹ̀, àwọn mìíràn ti pàtẹ. Google kéde TPU tirẹ̀ lọ́dún 2016. AMD gbé MI300X jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Nígbà tí Amẹ́ríkà sì dí ọ̀nà títa chip tó lágbára jù fún China ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Huawei túbọ̀ tẹra mọ́ Ascend tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fura o: iléeṣẹ́ TSMC ní Taiwan ló ń bá Nvidia, AMD àti Google ṣe chip wọn. Ìsọ̀ pọ̀, oko kan náà ni ọjà ti ń wá.

Nílẹ̀ Áfíríkà, Cassava Technologies, iléeṣẹ́ Strive Masiyiwa ọmọ Zimbabwe, kéde ní oṣù Kẹta ọdún 2025 pé òun yóò kó chip Nvidia wá sí South Africa, lẹ́yìn náà sí Nàìjíríà, Kenya, Íjíbítì àti Morocco. Orúkọ Benin kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Benin ti ní ètò AI tirẹ̀ fún ọdún 2023 sí 2027.

Kí ló kan àgbẹ̀ Massè tàbí ìyá elépo ní Ikpinlè? Kí AI tó lè gbọ́ Yorùbá tàbí Nàgó dáadáa, wọ́n ní láti fi chip wọ̀nyí kọ́ ọ. Bí chip bá wọ́n, èdè àwọn olówó ni wọn yóò kọ́kọ́ kọ́ ọ. Àgbẹ̀ tí kò lè ka Faransé, tó fẹ́ fi ẹnu béèrè nípa kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo rẹ̀, ẹ̀yìn ni yóò wà.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn aláṣẹ bá fẹ́ ra irú ẹ̀rọ yìí, kí wọ́n ná an ní ìsọ̀ méjì, mẹ́ta. Kí wọ́n má fọwọ́ sí ìwé tí yóò so wá mọ́ olùtajà kan ṣoṣo.