Ṣé o mọ̀? C945 kì í ṣe odindi orúkọ

Bí o bá tú rédíò Jàpáànù àtijọ́, tí o rí C945 lára tiransísítọ̀ kan, 2SC945 ló ń jẹ́. Ara rẹ̀ kéré, wọ́n sì máa ń gé 2S kúrò. Lẹ́tà tó kù ló ń tú àṣírí: A àti B jẹ́ PNP, C àti D jẹ́ NPN. Ti Yúróòpù yàtọ̀: A iwájú AC128 túmọ̀ sí germanium, B iwájú BC108 sì jẹ́ silicon.

BC547 sábà máa ń rọ́pò C945 nínú iṣẹ́ tí kò le. Ẹsẹ̀ wọn ló máa ń tanni jẹ: collector ló sábà máa ń wà láàárín C945, base ló wà láàárín BC547. Fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó sọ́dà rẹ̀.