Iṣẹ́ abẹ àtúnpààrọ̀ orúnkún

Iṣẹ́ abẹ àtúnpààrọ̀ orúnkún ni èyí tí àwọn dókítà eegun fi ń yọ orúnkún àtọwọ́dá tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, tí wọ́n sì ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó ń fà á ni pé orúnkún náà kò di eegun mú mọ́.

Irin àti ike líle ni a fi ń ṣe orúnkún àtọwọ́dá. Àkọsílẹ̀ Ọsirélíà àti Finland, tí a gbé yẹ̀ wò ní ọdún 2019, fi hàn pé nǹkan bí 82 nínú 100 ló ń lò tó ọdún 25.

Ohun tó ń fà á. Bí ike náà ti ń gbó, ẹ̀rún rẹ̀ a máa mú kí ara jẹ eegun tó yí i ká. Kòkòrò àrùn náà lè tú u. Ìrora nígbà ìdìde tàbí ìrìn, àti wíwú, wà lára àmì rẹ̀. Ó pọn dandan láti fa omi orúnkún fún àyẹ̀wò, nítorí bí kòkòrò bá wà níbẹ̀, iṣẹ́ abẹ lè di ẹ̀ẹ̀mejì: a ó yọ ti àtijọ́, a ó fi sìmẹ́ńtì olóògùn sí àyè rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí a tó fi tuntun sí i.

Àbájáde. Eegun tó ti jẹ ni ó mú iṣẹ́ yìí ṣòro ju ti àkọ́kọ́ lọ. A sábà máa ń lo ọ̀pá irin gígùn láti fìdí tuntun múlẹ̀. Ìrora a máa dínkù fún ọ̀pọ̀ aláìsàn, ṣùgbọ́n ìtura náà kì í sábà tó ti àkọ́kọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ni a tún ń pààrọ̀ láàárín ọdún 13, àsìkò náà a sì máa kúrú sí i bí àtúnṣe ti ń pọ̀. Bí a kò bá mọ ohun tó ń fa ìrora, iṣẹ́ abẹ kì í sábà wò ó.

Ní Abidjan. Niangon wà ní Yopougon, ìwọ̀ oòrùn ìlú Abidjan. Bí ará àdúgbò náà bá ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní Faransé tàbí Tunisia, kí ó tọ́jú ìwé tó sọ orúkọ àti ìwọ̀n orúnkún rẹ̀. Irinṣẹ́ ìyọkúrò yàtọ̀ síra. Láìsí ìwé náà, dókítà lè má mọ èyí tí yóò pèsè.