Àwọn Kọ̀ǹpútà Tó Ń Pe Ara Wọn Lóru

Owó fóònù ló bí FidoNet, àwọn kọ̀ǹpútà tó ń fi fóònù gbé lẹ́tà ránṣẹ́ síra wọn. Lọ́dún 1984, ẹni tó bá fẹ́ pe Baltimore láti San Francisco lójú mọmọ, kó yáa lówó lọ́wọ́. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, owó ìpè á já wálẹ̀.

Tom Jennings wà ní San Francisco, John Madill wà ní Baltimore. Oníkálùkù ló fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe pátákó ìkéde: èèyàn á fi módẹ́ẹ̀mù pè é, á ka ohun táwọn ẹlòmíì kọ síbẹ̀, á kọ tirẹ̀, á sì já ìpè náà kí ẹlòmíì lè rí i wọlé. Láti 1978 ni irú pátákó bẹ́ẹ̀ ti wà ní Chicago. Àmọ́ ohun tí wọ́n bá kọ sí ti Chicago, Chicago náà ló ń gbé.

Jennings ló ṣe Fido, ètò tó ń darí pátákó wọn. Ó wá kọ́ ọ ní iṣẹ́ òru. Lójú ọ̀sán, ẹnikẹ́ni lè kọ lẹ́tà sí ẹni tó wà ní pátákó ìlú mìíràn. Fido á fi í pa mọ́. Ní wákàtí kan lóru, á ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn èèyàn, á ṣa lẹ́tà ìlú kan náà jọ, á dì wọ́n ní ìdì kan, á sì tẹ nọ́ńbà. Tí wọn ò bá gbé e, á tún un pè.

Títún un pè yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. Nọ́ńbà kan nínú ìwé orúkọ àti nọ́ńbà àwọn pátákó wọn kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà rárá. Nígbà tí Jennings fúnra rẹ̀ gbé fóònù, ìyá àgbà kan ló gbọ́, tí ìpè òru tí ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ti sú. Mo gbà pé ìyá yẹn ló kọ́kọ́ jìyà ìlọsíwájú yìí.

Kí 1985 tó lọ jìnnà, pátákó ti lé ní ọgọ́rùn-ún. Ken Kaplan àti Ben Baker ní St. Louis ló ń tọ́jú ìwé orúkọ náà. Kí ló dé tí èèyàn á fi pe ìlú kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá lóru kan? Láti oṣù kẹfà, pátákó kan ló ń gba ìdì gbogbo ìlú, tó sì ń pín in fáwọn ará àdúgbò rẹ̀. Èyí, lójú tèmi, ju ìpè àkọ́kọ́ lọ. Òun ló jẹ́ kí wọ́n lè pọ̀ sí i láìsí pé owó fóònù pa wọ́n.

FidoNet dé Áfíríkà náà. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí ayé pa South Africa tì nítorí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ilé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Randy Bush ní Portland ni lẹ́tà kọ̀ǹpútà Yunifásítì Rhodes ń gbà kọjá, lórí FidoNet.