Òṣùwọ̀n Ẹni Tí Ń Múra Ìdánwò Ìṣirò Owó

Láti ọdún 1965 tí òfin ti dá ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó ilẹ̀ Nàìjíríà, sílẹ̀, ìdánwò rẹ̀ ti di ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ náà. Máàkì 50 nínú 100 ni a fi ń yege. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa ka iye ojú ìwé tí wọ́n ti kà, wọn a sì gbà pé àwọn ti múra tán. Ṣùgbọ́n bí ojú bá mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ńkọ́? Ìbéèrè àtijọ́ ni òṣùwọ̀n tòótọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ pa ìwé dé, kí ó dáhùn láàárín wákàtí mẹ́ta, kí ó sì fi Pathfinder tí ICAN ń tẹ̀ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò láìṣojúsàájú. Ibi tí ó bá ti kùnà ni kí ó padà sí. Ẹni tí kò bá wọn ara rẹ̀ nílé, gbọ̀ngàn ìdánwò ni yóò wọ̀n ọ́n.