Itọ́ Lásán Kì Í Ṣe Kẹ̀lẹ̀bẹ̀: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni tí Ikọ́ Ń Bá Jà

Ẹ̀yin ọlọ́jà wa àti ẹ̀yin tíṣà, láti Mọníyà dé Ìyànà Ọ̀fà, láti Ẹgbẹ́dá dé Àkànrán, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Bí ikọ́ bá ti lo ọ̀sẹ̀ 2 lára tí kò lọ, ẹ má wulẹ̀ máa ra oògùn ikọ́ olómi kiri. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ikọ́ tí ń mú ènìyàn rù, tí ń mú un làágùn lóru, lè jẹ́ ikọ́ ife, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní TB.

Kì í ṣe èpè. Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fà á. Robert Koch, oníṣègùn ará Jámánì, ni ó kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta, ọdún 1882. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé e kiri bí aláìsàn bá wúkọ́, kì í ṣe abọ́ oúnjẹ.

Bí nọ́ọ̀sì bá fún yín ní ike kékeré, ẹ má tu omi ẹnu sí i. Inú àyà ni kòkòrò náà fi ṣe ilé. Ẹ fi omi yọ ẹnu, ẹ bọ́ sí gbangba, ẹ mí kanlẹ̀, kí ẹ sì wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà títí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ó ki yóò fi jáde. Ti òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ó dára jù. Ẹni tí ó tu itọ́ lásán lè gbọ́ pé kò sí nǹkan, kí ó padà sí ìsọ̀ tàbí kíláàsì rẹ̀, kí ó sì máa fi àrùn ta ọmọ ọlọ́mọ lọ́rẹ.

Ẹ̀rọ GeneXpert, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọdún 2010, lè mú èsì jáde ní nǹkan bí wákàtí 2. Ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń fúnni ní oògùn rẹ̀. Ilé ìwòsàn àyà ti ìjọba sì wà ní Jẹ́ríkò, n'Ìbàdàn.

Oṣù 6 ni a sábà máa ń lo oògùn náà. Ní ìparí oṣù kejì, wọn yóò tún gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò, àti ní oṣù karùn-ún àti ìkẹfà, kí wọ́n lè mọ̀ bí kòkòrò ti kú tán. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: bí ara bá ti yá díẹ̀, wọn a ju oògùn nù. Ikọ́ náà lè padà pẹ̀lú agídí, kí oògùn àkọ́kọ́ má ràn án mọ́.

Bí aládùúgbò yín bá ń wúkọ́, ẹ má sá fún un. Ẹ mú un lọ. Àìsàn ló ṣeé wò, a kò rí ẹni wo ikú.