Kì Í Ṣe Èyí Tó Sáré Jù Ni Kí Ẹ Rà: Ọ̀rọ̀ Lórí SSD Inú Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé tó mọ ọbẹ̀ sè mọ̀ pé ó níbi tí owó ń dé nínú ìkòkò tí adùn kò tún ní lé sí i mọ́. Bí iyọ̀ bá ti tó, tí ẹran ti tó, ẹni tó bá tún ń da owó sí i, ẹnu kò ní mọ ìyàtọ̀ kankan. Àpò nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ohun kan tí wọ́n ń pè ní SSD rí, èyí tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé bàbá kan fẹ́ tún kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ọmọ rẹ̀ ṣe. Bí ọmọ náà bá tan ẹ̀rọ ọ̀hún, á lọ pọn omi, á padà dé, ẹ̀rọ kò tíì ní ṣetán. Ọmọ ní kọ̀ǹpútà tuntun lòun fẹ́. Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní kò rí bẹ́ẹ̀, SSD ni kí wọ́n fi sí i, ó sì kó oríṣi mẹ́ta sílẹ̀: ọ̀kan kò wọ́n, ìkejì wọ́n díẹ̀, ìkẹta wọ́n ju méjèèjì lọ. Èwo ni kí bàbá yìí rà? Ìbéèrè kékeré kọ́ o, nítorí pé owó ilé ìwé àti owó oúnjẹ ń retí èyí tó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀.

KÍ NI SSD GAN-AN?

Gbogbo ohun tí a bá kọ, àwòrán tí a bá yà, ìwé tí a bá kó sínú kọ̀ǹpútà, ó ní ibi tí ẹ̀rọ náà ń tọ́jú wọn sí. Láti ọjọ́ pípẹ́, háàdì-dísìkì ló ń ṣe iṣẹ́ ìpamọ́ yìí. Ilé iṣẹ́ IBM ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1956. Àwo 50 ló wà nínú ti ìgbà náà, gbogbo wọn pọ̀ kò sì gbà ju lẹ́tà mílíọ̀nù 5 lọ. Títí di òní, bí ó ti ń ṣiṣẹ́ kò yí padà: àwo ń pòyì bí àwo orin lórí giramafóònù, apá tín-ín-rín kan ń lọ, ó ń bọ̀ lórí rẹ̀, ó ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká ń yí nígbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Eré ni lójú èèyàn, ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà, ìrìn ìjàpá ni. Kí apá náà tó rí fáìlì kan, ó ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá sì tan ẹ̀rọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké ló ní láti wá. Níbi tí apá náà ti ń sáré sókè sódò yẹn ni ọmọ ti ráyè lọ pọn omi.

SSD ní tirẹ̀ kò ní àwo, kò ní apá, ohunkóhun kò sì yí nínú rẹ̀. Inú ṣíìpù ló ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí, irú èyí tó wà nínú fóònù yín. Fujio Masuoka, ọmọ ilẹ̀ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Toshiba, ló ronú kan irú ṣíìpù yìí. Èyí tí wọ́n ń pè ní NAND, tí SSD òde òní ń lò, jáde ní gbangba ní 1987. Nítorí pé kò sí ohun tó ń rìn nínú rẹ̀, SSD lè rí fáìlì láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Kì í pariwo, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ iná, bí kọ̀ǹpútà bá sì ṣèèṣì fara gbá nǹkan nígbà tó ń ṣiṣẹ́, kò sí àwo tí yóò ha.

BÍ OWÓ RẸ̀ ṢE Ń LỌ TÓ Ń BỌ̀

Ní 1991, ilé iṣẹ́ SanDisk, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ SunDisk nígbà náà, ta SSD fún IBM. Mẹ́gábáìtì 20 ló gbà, owó rẹ̀ sì tó dọ́là 1,000. Ẹ pín in wò: mẹ́gábáìtì kan jẹ́ dọ́là 50. Àwòrán kan ṣoṣo tó jẹ́ mẹ́gábáìtì 3, irú èyí tí à ń fi fóònù yà lónìí, ìbá gba ààyè dọ́là 150 nínú rẹ̀!

Ní 2008, Intel gbé X25-M jáde. Gígábáìtì 80 ló gbà, dọ́là 595 sì ni Intel ń gbà lórí ẹyọ kan lọ́wọ́ oníṣòwò tó bá ra ẹgbẹ̀rún. Gígábáìtì kan ju dọ́là 7 lọ nìyẹn. Ní 2009, èyí tó rọ́pò rẹ̀, tó gba iye kan náà, di dọ́là 225. Nígbà tó fi máa di àárín 2023, SSD gígábáìtì 1,000 wà lọ́jà Amẹ́ríkà tí owó rẹ̀ kò tó dọ́là 50, tó fi jẹ́ pé gígábáìtì kan kò tó sẹ́ǹtì 5.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé wíwálẹ̀ ni owó rẹ̀ ń wálẹ̀ títí. Ní 2023 kan náà, àwọn tó ń ṣe ṣíìpù, Samsung pàápàá, dín iye tí wọ́n ń ṣe kù nítorí pé èrè ti lọ, owó sì tún gòkè. Nígbà tí 2025 ń parí lọ, àwọn ilé ńláńlá tí wọ́n ń kọ́ fún ọgbọ́n àtọwọ́dá ń ra ṣíìpù wọlé rẹpẹtẹ, ọjà sì tún gbóná. Nítorí náà, a kò ní kọ iye náírà kan sílẹ̀ fún yín níhìn-ín, kí ó má bàa di irọ́ kí ẹ tó dé ọjà. Ìṣirò ni a ó fi lé yín lọ́wọ́, nítorí pé ìṣirò kì í gbó.

Ìṣirò àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ fi iye gígábáìtì pín owó rẹ̀. Ẹ ó sábà rí i pé èyí tó gba gígábáìtì 500 kì í tó ìlọ́po méjì owó èyí tó gba 250. Bí apá yín bá ká a, èyí tó tóbi díẹ̀ ló ní àlùbáríkà. Ìṣirò kejì ni ti eré, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ owó nù.

ERÉ MÉLÒÓ NI ẸSẸ̀ YÍN LÈ SÁ?

Ọ̀nà tí SSD ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ni a fi ń dá wọn mọ̀. Àkọ́kọ́ ni SATA, ọ̀nà tí wọ́n là fún háàdì-dísìkì tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń gbà á kọjá kò ju nǹkan bí mẹ́gábáìtì 550 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìkejì ni NVMe, tí wọ́n gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní 2011, tó ń gba ọ̀nà gbòòrò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PCIe. Ìran kẹta PCIe ń gbé nǹkan bí mẹ́gábáìtì 3,500, ìran kẹrin nǹkan bí 7,000, ìran karùn-ún sì ń gbé nǹkan bí 14,000.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí yóò ní ìran karùn-ún lòun ń lọ rà. Ẹ ní sùúrù ná. Ká ní ẹ fẹ́ kí ẹ̀rọ ka fídíò ìgbéyàwó kan tó jẹ́ gígábáìtì 50 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Háàdì-dísìkì tó ń ka mẹ́gábáìtì 150 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá yóò lo ìṣẹ́jú márùn-ún àbọ̀. SATA yóò lo ìṣẹ́jú kan àbọ̀. NVMe ìran kẹta yóò lo ìṣẹ́jú-àáyá 14, ìran kẹrin 7, ìran karùn-ún kò ní lò tó 4.

Ǹjẹ́ ẹ rí i? Ẹni tó kúrò lórí háàdì-dísìkì bọ́ sórí SATA jèrè ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹni tó ti SATA bọ́ sí ìran kẹta jèrè ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀. Ẹni tó ti ìran kẹta bọ́ sí ìkẹrin jèrè ìṣẹ́jú-àáyá 7. Ẹni tó lọ sí ìkarùn-ún jèrè ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta àbọ̀ péré, bẹ́ẹ̀ ni òun ló sì náwó jù. Èrè ń kéré sí i, owó ń ga sí i.

Fáìlì ńlá tó tò tẹ̀lé ara rẹ̀ ni a sì fi ṣírò yẹn o. Fún títan ẹ̀rọ, kíkọ lẹ́tà, kíka ìwé àti lílo íntánẹ́ẹ̀tì, fáìlì kéékèèké ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ìyàtọ̀ àárín SATA àti NVMe kì í sì í sábà ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ fídíò, tó ń kó fáìlì ńláńlá láàárọ̀ lálẹ́, òun ni ìran kẹrin tàbí ìkarùn-ún yẹ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

OHUN TÍ OWÓ PỌ́Ọ́KÚ FI PAMỌ́

Ẹ lè bá SSD méjì pàdé, kí méjèèjì jẹ́ SATA, kí wọ́n gba iye kan náà, síbẹ̀ kí ọ̀kan wọ́n ju ìkejì lọ. Inú ṣíìpù ni ìyàtọ̀ wà. Ẹ fi ọkàn yàwòrán garawa omi tí a fa ìlà sí lára, tó jẹ́ pé bí omi bá ṣe ga tó ni a fi ń mọ ohun tí à ń sọ. Nínú irú tí wọ́n ń pè ní TLC, ipele 8 ni omi lè dé. Nínú QLC, ipele 16 ni. Ti QLC sún mọ́ra jù, nítorí náà ó ń pẹ́ kí omi tó gún régé sójú ìlà, garawa náà sì ń tètè gbó.

Samsung ta irú méjèèjì. 870 EVO rẹ̀ jẹ́ TLC, 870 QVO jẹ́ QLC. Nínú àwọn tó gba gígábáìtì 1,000, méjèèjì ń kọ nǹkan bí mẹ́gábáìtì 530 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá da gígábáìtì bí 42 lé QVO lórí lẹ́ẹ̀kan náà, ibi tó ń sáré nínú rẹ̀ yóò kún, eré rẹ̀ yóò sì já wálẹ̀ sí 80. Háàdì-dísìkì tí a fi ṣírò lẹ́ẹ̀kan sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ! Ẹ̀rí tí ilé iṣẹ́ náà ṣe fún EVO jẹ́ ọdún 5 tàbí tẹ́rábáìtì 600 ní kíkọ. Ti QVO jẹ́ ọdún 3 tàbí 360.

Kí gbígbó yìí má bà yín lẹ́rù jù. Ẹni tó ń kọ gígábáìtì 40 lójoojúmọ́ yóò lo ọjọ́ 15,000, tó ju ọdún 41 lọ, kí ó tó kọ tẹ́rábáìtì 600. Lórí 360 pàápàá, ó ju ọdún 24 lọ. Ẹni tó ń kó ìwé àti àwòrán sí i lẹ́ẹ̀kan, tó ń kà á nígbà gbogbo, QLC kò ṣe é ní nǹkan. Ṣùgbọ́n bí owó tó wà láàárín wọn bá kéré, ẹ mú TLC.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n bá ní ó gba tẹ́rábáìtì 16, tí owó rẹ̀ sì dà bí owó bàtà ọmọdé. Òṣùwọ̀n èké ni. Wọ́n ti kọ́ ẹ̀rọ náà ní irọ́ tí yóò pa fún kọ̀ǹpútà. Bí ẹrù yín bá kọjá ààyè tó wà níbẹ̀ gan-an, yóò máa kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí, ìwé yín yóò sì bàjẹ́. Kí oníṣẹ́ fi H2testw tàbí F3 yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

ILÉ LÀ Ń WÒ KÍ A TÓ SỌMỌ LÓRÚKỌ

Kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú kọ̀ǹpútà yín wò. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ àtijọ́ kò ní ààyè fún ohun mìíràn ju SATA pẹlẹbẹ lọ. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn ní ihò tóóró tí wọ́n ń pè ní M.2. SATA wà tó ń wọ ihò yẹn, NVMe náà sì wà. Ojú wọn jọra, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ihò ló ń gba méjèèjì. Bí ẹ bá sì fi ìran kẹrin sínú ẹ̀rọ ìran kẹta, yóò ṣiṣẹ́, àmọ́ eré ìran kẹta ni yóò sá. Owó ìran kẹrin ni ẹ san, eré ìran kẹta ni ẹ rà.

Nítorí náà, bàbá tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa, bí ẹ̀rọ ọmọ rẹ̀ bá jẹ́ ti SATA, SSD SATA gígábáìtì 500 tó jẹ́ TLC, tó ní ẹ̀rí ilé iṣẹ́ lẹ́yìn, ni kí ó rà. Kò sí ìdí láti ra kọ̀ǹpútà tuntun nítorí ìdúró nìkan, kò sì sí ìdí láti sanwó eré tí ẹ̀rọ náà kò lè sá.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ẹ má ju háàdì-dísìkì tí wọ́n bá yọ nù. SSD lè kú lójijì láìkọ́kọ́ ṣàìsàn, ohun tó bá sì gbé mì ṣòro láti pọ̀. Bí ara háàdì náà bá ṣì le, ẹ ra àpótí kékeré tí a ń fi okùn USB so mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ kì í bọ̀ ọ́, kí ọmọ yín sì máa da iṣẹ́ rẹ̀ kọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìjàpá kò lè sáré, ṣùgbọ́n ó mọ ẹrù ń tọ́jú.