Ọjà Ohun Èlò Ìṣègùn ní Ilẹ̀ Nàìjíríà

Ọ̀rọ̀ òwò ni mo mú wá síwájú yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ènìyàn ni pẹ̀lú. Èrò ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni pé, níwọ̀n bí a ti lé ní 200 mílíọ̀nù, tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun èlò ìṣègùn wa sì ń ti òkè òkun wá, ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ láti tà kò ní ṣàìjèrè níhìn-ín. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹ̀yìn títà ni ọjà náà wà.

Ní ọdún 2011, Perry àti Malkin tẹ ìwádìí kan jáde lórí ohun èlò ìṣègùn 112,040 ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́. Ìdá 38.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ti gbó. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún iná 120 fóltì ti Amẹ́ríkà, bí a bá kì í bọ iná 230 tiwa láìdín agbára rẹ̀ kù, ó jóná nìyẹn. Òmíràn kò nílò ju fíúsì kan lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí a ti lè rí i. Bí ẹni ra ẹṣin láìra ìjánu ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àwọn oníṣòwò kan a máa gbé ẹ̀rọ fún ilé ìwòsàn láìgba owó rẹ̀, kí ilé ìwòsàn náà lè máa ra kẹ́míkà àyẹ̀wò lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ̀rọ náà bá bàjẹ́, wọn a sáré wá tún un ṣe, nítorí ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ kì í jẹ kẹ́míkà. Mo fẹ́ràn ètò yìí ju kí a tà á tán kí a sì sá lọ. Àléébù rẹ̀ kò kéré ṣá: kẹ́míkà ẹlòmíràn kì í sábà bá ẹ̀rọ náà mu, dọ́là ni a sì fi ń rà á. Dọ́là kan, tí kò tó 500 náírà ní ọjà ìjọba nígbà tí oṣù kẹfà ọdún 2023 bẹ̀rẹ̀, ti kọjá 1,500 nínú oṣù kejì ọdún 2024. Aláìsàn ni ẹrù náà wọ̀ lọ́rùn; ẹni tí kò bá rí owó san a padà sílé láìmọ ohun tí ń ṣe é.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí àṣẹ tí ó mú owó ẹnubodè kúrò lórí àwọn ẹ̀rọ àti èròjà kan tí a fi ń ṣe oògùn, abẹ́rẹ́ àti ohun èlò àyẹ̀wò nílé. Ọ̀nà èrè ni èyí fún ẹni tí ó bá fẹ́ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní tún ẹ̀rọ tí ó ti dákẹ́ ṣe. Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn alábòójútó ilé ìwòsàn ni pé kí wọ́n má fọwọ́ sí ìwé rírà ẹ̀rọ kankan tí kò bá dárúkọ ẹni tí yóò máa tún un ṣe, ìlú tí ó ń gbé, àti iye ọjọ́ tí yóò fi dé bí a bá ránṣẹ́ pè é.